Ẹni tó pè ni yóò bọ́: bí a ṣe ṣètò ìgbéyàwó wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọkọ mi sì jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin. Oṣù Kejì ọdún 2025 ni a ṣe ìgbéyàwó ní ìlú wa, lẹ́yìn tí a ti fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣètò rẹ̀ ní àsìkò tí owó ọjà kò dúró sójú kan. Mo ń kọ ìrírí wa sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ti ń dá ọjọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi owó ara yín ṣe é, nítorí ó dá mi lójú pé iye ẹnu tí yóò jẹun ló ń gbé owó ìgbéyàwó lọ ju gbọ̀ngàn, aṣọ àti kéèkì lọ. Ẹni tí kò bá tíì mọ iye ẹnu náà kò tíì lè mọ gbọ̀ngàn tí yóò gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ iye tí yóò ná.

Ní ìlú tiwa, kíka ẹnu yìí ṣòro, nítorí pé káàdì ìpè kì í pààlà. Ọmọ agboolé kì í dúró de káàdì kí ó tó wá bá wọn ṣe ìnáwó ní agboolé rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìyá ìyàwó yóò wá, àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà Jagun yóò wá, ẹgbẹ́ akọrin yóò wá, àwọn tí a jọ kàwé ní LAUTECH yóò wọkọ̀ láti Ìbàdàn àti Ìlọrin, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì lè mú ẹnì kejì dání. Èmi kò ka èyí sí àléébù rárá. Èèyàn ni aṣọ wa, ẹni tó sì wá bá ni yọ̀ kò ṣẹ̀ wá. Síbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olóúnjẹ yóò bi yín ni iye abọ́.

A ra ìwé kan, a sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí a rò pé yóò wá sínú rẹ̀. Abẹ́ orúkọ ẹni tó pè wọ́n ni a to oníkálukú sí: àwọn tí èmi àti ọkọ mi pè wà lọ́tọ̀, àwọn tí àwọn òbí mi pè wà lọ́tọ̀, àwọn tí àwọn òbí rẹ̀ pè náà wà lọ́tọ̀. Nígbà tí a kà á tán, àwọn tiwa kò ju 120 lọ, ti ìyá mi nìkan lé ní 150, àwọn tí yóò ti Ọ̀yọ́ wá sì sún mọ́ 100. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti dá a lábàá pé kí oníkálukú bọ́ ẹni tó bá pè.

Àbá náà dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ kì í dúró níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀ kí ó máa ka àlejò fún wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni a lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn máa ń wọ àwọn òbí mi létí. Mo kúnlẹ̀, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, a sì gbé ìwé náà fún wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ìyá mi wú mi lórí púpọ̀. Wọn kò sọ pé àlejò wọn pọ̀ jù. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, àwọn ọmọ yìí ti ṣe é dé ibi tí agbára wọn mọ. Ẹgbẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin ni kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe wọ́n lálejò, àbí kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ fi abọ́ kékeré bẹ̀ wọ́n?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò fi abọ́ kékeré bẹ ẹgbẹ́ àwọn. Àwọn òbí ọkọ mi gbọ́ èyí, àwọn náà sì gba ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ará Ọ̀yọ́ sọ́rùn. Bí ẹ bá ní irú ọ̀rọ̀ báyìí láti sọ, ẹ má ṣe gbé e lọ fúnra yín. Ẹ wá àgbà tó mọ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kò pẹ́ yanjú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ìdálẹ̀ ló fẹ́ràn oṣù Kejìlá torí pé ìgbà yẹn ni wọ́n ń wálé, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà ni adìyẹ, ìrẹsì àti owó ọkọ̀ ń gòkè, tí gbọ̀ngàn sì ń ṣòro rí. Oṣù Kejì ni a mú. Òjò kò tíì dé, tòmátì láti Òkè Ọya sì máa ń pọ̀ lọ́jà láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, owó rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ nínú ẹbí bàbá mi, ààwẹ̀ Ramadan ọdún 2025 sì bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn wá jókòó ti oúnjẹ tí kò ní lè jẹ.

Gbọ̀ngàn ló gba àròjinlẹ̀ jù. Èyí tí ojú wa kọ́kọ́ lọ sí wà ní ọ̀nà Ìlọrin. Ó lẹ́wà, ó tutù, ó sì gba èèyàn 500. Iye tí wọ́n pè é kò dẹ́rù bà wá títí a fi béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Dísù tí jẹnẹrétọ̀ yóò mu kò sí nínú rẹ̀, owó àwọn tí yóò gbálẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ẹni tó bá mú olóúnjẹ láti ìta wá yóò san owó lórí ìyẹn, bí ètò bá kọjá aago márùn-ún a ó máa san ti wákàtí kọ̀ọ̀kan, owó ìdógò tún wà tí wọn kò ní dá padà títí wọn yóò fi yẹ àga àti ògiri wò. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ béèrè gbogbo èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní àkọsílẹ̀. Ẹ lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ tí ìnáwó ẹlòmíràn ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá omi ń yọ, kí ẹ wo ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, nítorí gbọ̀ngàn tó ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í fi àléébù rẹ̀ hàn.

A wo pápá ilé ẹ̀kọ́ kan pẹ̀lú. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kánópì, àga, tábìlì, iná àti omi ni a ó máa gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ onírúurú èèyàn, ó sì rẹ̀ wá kí a tó ṣe ìṣirò rẹ̀ tán.

Gbọ̀ngàn ìjọ wa ni a mú níkẹyìn. Láti ọdún 1855 tí Thomas Jefferson Bowen ti gbé iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọ náà ti fìdí múlẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ẹ ó ti rí ilé ìjọsìn wọn, àwọn kan nínú wọn sì ní gbọ̀ngàn tí ọmọ ìjọ lè gbà ní owó tó mọ níwọ̀n. Tiwa gba èèyàn 250. Àwọn tí a pè àti àwọn ará Ọ̀yọ́ wọ inú rẹ̀, ẹgbẹ́ ìyá mi sì wà lábẹ́ kánópì tiwọn nínú ọgbà kan náà, pẹ̀lú olóúnjẹ tiwọn. Kò sí ẹni tó tún ní láti wọkọ̀ láti ibi ìsìn lọ sí ibi àsè, èyí kò sì kéré ní àsìkò tí lítà epo bẹntiróòlù kan ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Ọtí líle kò wọ ibẹ̀; a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí gbẹ́yìn. Lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó Nàìjíríà, ẹ ó kọ́kọ́ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó. Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí tí ẹ ó gbé lọ sí ilé ìjọsìn, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ ṣe ìkéde. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Ilé ìjọsìn tó gba ìwé àṣẹ ló lè so yín pọ̀ lábẹ́ òfin yìí, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ní ilẹ̀kùn ṣíṣí, níwájú ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ bi olùṣọ́ àgùntàn yín nípa ìwé àṣẹ náà kí ẹ tó tẹ káàdì.

Owó tí àwa méjèèjì kó jọ láti inú àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ ₦2,400,000. A ya ₦600,000 sọ́tọ̀ fún oúnjẹ èèyàn 150, torí pé a fi 30 lé àwọn 120 tiwa, a sì gbé ₦250,000 sápá kan fún ohun tí a kò lè rí tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ ló kó wa láyà sókè jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò, ìyẹn NBS, kéde pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, kò sì sí olóúnjẹ tó fẹ́ dá iye kan lé abọ́ kan fún oṣù Kejì. Nítorí náà, a yọ owó iṣẹ́ ọwọ́ olóúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára owó èlò. A bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìrẹsì, òróró àti ohun mìíràn tí kì í bàjẹ́ ní díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án. Ẹran, ata àti tòmátì di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Ní ti àmàlà láfún, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni a wà, àwọn obìnrin ilé ló fi ọwọ́ ara wọn rò ó fún àwọn àgbà.

Aṣọ òfì tí a hun ní Ìṣẹ́yìn ni àwa méjèèjì àti àwọn òbí wa wọ̀. Fìlà àti gèlè aláwọ̀ kan ni a ní kí àwọn yòókù fi bá wa ṣe é. Kò wù mí kí èèyàn máa fi èrè aṣọ ẹbí wá owó ìgbéyàwó. Ìnira ni fún ẹni tó fẹ́ bá wa yọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí a ṣe ìgbéyàwó náà ni a ṣe ìdána ní agboolé wa, kí àwọn ará Ọ̀yọ́ má baà rin ìrìn àjò méjì. Ìwé ẹrù tí ẹbí mi kọ ránṣẹ́ ní iṣu 42 nínú. Àwọn àgbà jíròrò, wọ́n dín iṣu kù, ṣùgbọ́n wọn kò dín obì, orógbó àti ataare, nítorí pé àdúrà ni wọ́n fi ń ṣe. A ti bá alága ìdúró àti alága ìjókòó sọ ọ́ ṣáájú pé kí owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìṣíjú àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ yòókù má kọjá iye kan. Bàbá mi dá owó orí padà, wọ́n ní àwọn kò ta ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ìyá àgbà kan ní ilé wa ti ní kí n jáde wá sun ẹkún ìyàwó, wọ́n sì ń fà á sí mi lẹ́nu bí a ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ọ̀ṣọ́ tí a fi sí gbọ̀ngàn.

Ní ibi àsè, a bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe ná owó fún wa lórí ijó. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ọdún 2007 lòdì sí i. Owó ìtanràn rẹ̀ kò dín ní ₦50,000, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà. Apẹ̀rẹ̀ ni a gbé síwájú, wọ́n sì ń fi àpò ìwé sínú rẹ̀. Ó tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ gbéra, torí pé àwọn òbí ọkọ mi kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Nínú ₦250,000 tí a gbé sápá kan, dísù àti àga tí a gbà kún ti tẹ́lẹ̀ mú ₦170,000. Èyí tó kù àti owó inú apẹ̀rẹ̀ ni a fi san owó ilé tí a ń gbé báyìí.