Àbọ̀ lórí projector tí kò dá kọ̀ǹpútà lóhùn

Ẹ̀yin ará, projector gbọ̀ngàn wa ní Àkúrẹ́, tí mo ní kò gba àṣẹ kọ̀ǹpútà bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà Ethernet so wọ́n pọ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kọ̀ǹpútà jẹ́ 192.168.1.10, ti projector sì jẹ́ 192.168.0.20. Nítorí pé subnet mask (nọ́ńbà tó ń sọ apá àdírẹ́sì tó jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àwọn méjèèjì jẹ́ 255.255.255.0, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bára mu kí wọ́n tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Mo yí ti projector sí 192.168.1.20, ó sì dáhùn ping (ìdánwò tó ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Síbẹ̀ kò gba àṣẹ, nítorí pé port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ) 23 ni mo kọ, bẹ́ẹ̀ 4352 lórí TCP (ìlànà ìfiránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni PJLink, ìlànà tí a fi ń pàṣẹ fún projector, ń lò. Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ẹni tó ní kí n yẹ subnet mask wò. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.