Kọ̀ntéénà lẹ́yìnkùlé: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí lọ́wọ́ òfin àdúgbò

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Gbogbo ìgbà ni mò ń rí i tí èèyàn ń béèrè bóyá òun lè ra kọ̀ntéénà ọkọ̀ òkun kóun gbé e sẹ́yìnkùlé kóun fi ṣe sítọ́ọ̀, ìdáhùn tí wọ́n sì máa ń fún un ni "ilẹ̀ ẹ ni, ta ló máa mú ẹ?" Irú ìdáhùn yẹn ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n sọ bí tèmi ṣe lọ, kí ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí ti kàn rí náà bá wa dá sí i.

Fíìtì 20 ni mo fẹ́ rà, a fẹ́ tún ilé ṣe, a ò sì ríbi kó ẹrù sí. Ọkùnrin tó fẹ́ tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé mi ò nílò ìwé kankan, ó ní kọ̀ntéénà ò ní fandéṣọ̀n, ẹrù lásán ni, bí ìgbà téèyàn páàkì mọ́tò ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúkú wọ̀ mí létí, torí mọ́tò, èèyàn á tan án á sì wà á kúrò, nǹkan yìí ju tọ́ọ̀nù méjì lọ lófìfo. Mo bá gba ọ́fíìsì tó ń bójú tó ètò ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ kí n tó sanwó.

Obìnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ ò tiẹ̀ mẹ́nu ba fandéṣọ̀n. Ohun tó ń béèrè ni pé zone wo ni ilẹ̀ mi wà, ṣé ti ilé gbígbé ni àbí ti oko àbí ti ilé iṣẹ́, ṣé ẹ̀yìn ilé ni mo fẹ́ gbé e sí àbí iwájú, báwo ló ṣe máa jìnnà sí ààlà èmi àti aládùúgbò mi tó, ṣé ó máa pẹ́ níbẹ̀, kí ni mo sì fẹ́ kó sínú ẹ̀. Ó wá là á yé mi pé òfin méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Òfin ilé kíkọ́ ń wò ó bóyá nǹkan náà lè wó lu èèyàn. Òfin zoning ní tiẹ̀ ń wò ó bóyá ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá, tó bá sì yẹ, ibo ló lè jókòó sí. Èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ kí èkejì mú un.

Ẹ wo ti Amẹ́ríkà, bí àpẹẹrẹ. Ìwé òfin ilé kíkọ́ tí wọ́n ń pè ní IRC, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ń lò, sọ pé sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn ilé tí ò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ò sì ju 200 square feet lọ, ò nílò pámíìtì ilé kíkọ́. Kọ̀ntéénà fíìtì 20 fẹ̀ tó fíìtì 8, 160 nìyẹn, ó wọlé. Ti fíìtì 40 jẹ́ 320, kò wọlé. Àwọn tó ń tà á máa ń fi 200 yẹn lé èèyàn lọ́wọ́ bí ìwé ẹ̀rí, wọn kì í fi kún un pé ìwé òfin kan náà sọ ọ́ gbangba pé bí èèyàn ò bá tiẹ̀ nílò pámíìtì, kò túmọ̀ sí pé ó láṣẹ láti rú òfin míì tó wà ládùúgbò ẹ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan tún lè yí iye yẹn padà fúnra wọn, ohun tí wọ́n kọ síbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé gan-an ni kẹ́ ẹ kà.

Lọ́rọ̀ tèmi, wọ́n ní kó wà lẹ́yìn ilé, kí n fi àyè tí òfin sọ sílẹ̀ láti ààlà, kí n kùn ún ní àwọ̀ kan ṣoṣo kí orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó wà lára ẹ̀ má hàn mọ́, tí iṣẹ́ ilé bá sì parí kó kúrò, torí fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n fi àṣẹ yẹn fún mi. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ gbogbo ẹ̀ sínú ímeèlì. Ímeèlì yẹn ló gbà mí lọ́jọ́ tí aládùúgbò kan lọ fẹjọ́ sùn, torí ẹni tí wọ́n rán wá kà á tán lórí ìdúró, ó wọn àyè tó wà láàárín kọ̀ntéénà àti fẹ́ńsì, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

* * *

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Tèmi yàtọ̀, èmi ò ra kọ̀ntéénà o, ilé la rà, kọ̀ntéénà ti wà lẹ́yìn ẹ̀ kí á tó débẹ̀, inú wa tiẹ̀ dùn pé a ti rí sítọ́ọ̀. Kò pẹ́ ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ pé wọ́n fẹ́ wá wò ó.

England la wà. Níbí, àwọn nǹkan kan wà téèyàn lè kọ́ sẹ́yìn ilé láìtọrọ àṣẹ, permitted development ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ó ní ìwọ̀n. Tí nǹkan náà ò bá jìnnà sí ààlà tó mítà 2, gíga ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 2.5. Kọ̀ntéénà tí gbogbo wa mọ̀ yìí, mítà 2.59 ni gíga ẹ̀! Sẹ̀ǹtímítà 9 péré ló fi kọjá, àwọn tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní high cube, tiẹ̀ ń lọ sí mítà 2.9. Kódà téèyàn bá gbé e jìnnà sí ààlà, òfin yẹn náà tún ní kí etí òrùlé má kọjá mítà 2.5, kọ̀ntéénà ò sì ní òrùlé tó dà gẹ̀rẹ̀, ibi tí ògiri ẹ̀ parí sí náà ni òrùlé ẹ̀ wà. Téèyàn bá tún gbé e lé bulọ́ọ̀kù kómi má bàa máa jẹ ìdí ẹ̀, gíga yẹn tún lé sí i, torí láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n.

Àwọn kan ní ká jiyàn pé kì í ṣe ilé, pé ẹrù tó ṣeé gbé ni. Lọ́yà tá a bá sọ̀rọ̀ ní ká ṣọ́ra, ó ní nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa ń wò, bó ṣe tóbi tó, bóyá ó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, àti bó ṣe so mọ́ ilẹ̀ tó, àti pé tá a bá borí lórí pé kì í ṣe ilé, wọ́n ṣì lè yí i padà sọ pé ọ̀nà tí à ń gbà lo ilẹ̀ la yí padà. Àkókò ló kó wa yọ. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024, ọdún 10 ni wọ́n fi lè lépa nǹkan téèyàn kọ́ láìgbàṣẹ ní England, àmọ́ èyí tó bá ti parí kó tó di ọjọ́ yẹn, ọdún 4 ti àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ wá kù sórí pé ká fi hàn pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. A wá àwòrán àtẹ̀yìnwá lórí Google Earth, èyí tí déètì wà lára ẹ̀, kọ̀ntéénà yọ gedegbe. Màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé lódìkejì fẹ́ńsì tún kó fọ́tò òdòdó rẹ̀ wá, kọ̀ntéénà wà lẹ́yìn òdòdó nínú gbogbo ẹ̀, ọdún dé ọdún, ó sì fọwọ́ síwèé fún wa. Ọlọ́run á bá wa dá màmá yẹn sí. A kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, a sì gba ìwé tí wọ́n ń pè ní Lawful Development Certificate, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ohun tó wà níbẹ̀ bófin mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé tí kọ̀ntéénà ti wà nínú ọgbà ẹ̀, ẹ béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó.

* * *

Tèmi ò gùn. Ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí tiwa, ẹgbẹ́ onílé ló kọ̀. Ìwé àdéhùn tó wà lórí àwọn ilẹ̀ àdúgbò wa ti kà á léèwọ̀, ìjọba kì í sì í yẹ ìwé yẹn wò kó tó fúnni láṣẹ, àárín onílé àti ẹgbẹ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀ wà. Ọkọ mi kùn ún, ó gbin igi yí i ká, àní èèyàn ò lè rí i láti títì mọ́, wọ́n ṣáà kọ̀. A tà á fún ẹnì kan tó lóko. Ó ṣì ń dùn mí o, torí nǹkan yẹn wúlò fún wa gidi gan-an.

* * *

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e wá fáwọn èèyàn, ojú mi sì ti rí nǹkan. Èèyàn á ti gba àṣẹ, á ti ya àwòrán pé ibí ni kọ̀ntéénà máa wà, àyè tó yẹ láti ààlà á pé, àmọ́ kò ronú nípa ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀. Ọkọ̀ tó máa ń dagun kí kọ̀ntéénà lè yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni mò ń wà, ó máa ń sún síwájú bó ṣe ń yọ̀ ọ́ ni, nítorí náà ilẹ̀ gbọọrọ tó lọ tààrà ló nílò, fún fíìtì 40 ó máa ń tó ọgbọ̀n mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí wáyà iná tàbí ẹ̀ka igi lókè. Tí ọkọ̀ ò bá lè débi tí wọ́n fọwọ́ sí, ohun tí oníbàárà máa ń sọ ni pé "ẹ kàn sọ ọ́ kalẹ̀ síbí ná". Síbí ná yẹn ló máa ń di ẹjọ́! Mi ò kí ń sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá pe ọ́fíìsì níṣojú mi, torí téèyàn bá fẹ́ sún un lẹ́yìn tó ti kún fún ẹrù, kíréènì ló kù.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń gbé e bọ̀ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí ilẹ̀kùn kọjú sí kó tó gbé e sórí ọkọ̀, ṣé ọ̀dọ̀ dírẹ́bà ni àbí ẹ̀yìn ọkọ̀, torí tó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín kò ṣeé yí po mọ́. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan ó lé, ó sì ń ṣí síta, èèyàn lè ti wọn àyè láti ààlà pé ṣánṣán kó wá rí i pé fẹ́ńsì ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí tán. Orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé gbogbo ẹrù inú ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé bulọ́ọ̀kù tó lágbára sí kó sì dọ́gba, tí igun kan bá rì báyìí ilẹ̀kùn ò ní tì mọ́. Ẹ má gbé e lé orí sókàwéè tàbí ibi tí páìpù gbà kọjá, ọ̀pọ̀ ibi lòfin ti kà á léèwọ̀ torí àwọn tó ni páìpù láṣẹ láti wá gbẹ́ ilẹ̀ yẹn nígbàkígbà.

Ohun míì tẹ́nì kan ò tíì sọ ni omi. Kọ̀ntéénà tó lófìfo tí ilẹ̀kùn ẹ̀ sì tì dáadáa máa ń léfòó. Tí ilẹ̀ yín bá wà níbi tí odò máa ń ya dé, ẹ má bínú sí ọ́fíìsì tó bá ní kẹ́ ẹ so ó mọ́lẹ̀, èmi ti rí èyí tí omi gbé kúrò nínú ọgbà onílé rí.

* * *

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè, ẹ ṣé púpọ̀. Tèmi kì í ṣe sítọ́ọ̀ o, mo fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì tí màá ti máa ṣiṣẹ́, bí mo ṣe dárúkọ ìyẹn báyìí ni gbogbo ìbéèrè wọn yí padà. Tí èèyàn bá máa jókòó nínú ẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa fèrèsé, ọ̀nà àbájáde, iná, ooru. Ìwé òfin ilé kíkọ́ míì tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní IBC, láti ẹ̀dà ọdún 2021, tiẹ̀ ní apá kan fún kọ̀ntéénà nìkan, apá 3115, ó sì ní kí èèyàn mú ọ̀rọ̀ tó wà lára àwo irin kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wá, ìyẹn ọdún tí wọ́n ṣe é, nọ́ńbà ẹ̀, ìwọ̀n tó lè gbé. Ẹ ya fọ́tò àwo yẹn kẹ́ ẹ tó kùn ún tàbí yọ ọ́ o. Wọ́n tún béèrè iye ibi tí mo fẹ́ gé lára ògiri, torí páànù tó dà bí ìgbì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ó wà lára ohun tó mú kí kọ̀ntéénà dúró, ibi téèyàn bá gé, wẹ́ẹ̀dà gbọ́dọ̀ fi irin míì dí i. Ti ilẹ̀ inú ẹ̀ náà ń bẹ, pláìwúùdù tó nípọn ni, wọ́n sì sábà máa ń fi oògùn kòkòrò sí i kó tó wọ ọkọ̀ òkun, mo máa bò ó tàbí kí n yọ ọ́ kí n tó gbé tábìlì wọlé.

Níbi tọ́rọ̀ dé báyìí, ilẹ̀ mi ló rí tínínrín, mi ò lè fi àyè tó pé sílẹ̀ lápá òsì, mo wá ń tọrọ ohun tí wọ́n ń pè ní variance, ìyẹn ni pé kí wọ́n yọ̀ǹda fún mi láti má fi gbogbo àyè tí òfin zoning sọ sílẹ̀. Wọ́n ti kọ̀wé sáwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé wọn ò ní wò ó pé ó wù mí tàbí pé owó ò tó mi, pé bóyá bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí ló fa ìnira ni wọ́n máa wò. Ẹni tó bá ti dúró níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwòrán ilẹ̀ téèyàn yà fúnra ẹ̀ tó, àbí ti sọ́fèyọ̀ ni wọ́n máa gbà?

* * *

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni. Àwòrán tí mo yà fúnra mi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ti ìgbà díẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi du àyè. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dórí iye mítà tó kù sí ààlà, ti sọ́fèyọ̀ ni kẹ́ ẹ mú lọ, torí aládùúgbò lápá òsì yẹn lè gbé tiẹ̀ wá. Ẹ tètè lọ bá a kí lẹ́tà yẹn tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí hàn án, tó bá sì gbà, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ lè mú un dání lọ síbẹ̀.