Kí ni kí ọmọ mi kà kó lè ṣiṣẹ́ ní láàbù ìwádìí ọ̀ràn?

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì kọkànlá ní Maryland, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ ìjiyàn ilé ìwé rẹ̀; Lincoln-Douglas, ti ẹnìkan sí ẹnìkan, ló ń ṣe. Níbi tó ti ń wá ẹ̀rí ló ti rí i pé lọ́dún 2015, FBI fúnra wọn gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń yẹ irun tí wọ́n rí níbi ọ̀ràn wò jẹ́rìí tí kò tọ́ nínú ohun tó lé ní 90% àwọn ẹjọ́ tí wọ́n tún yẹ̀ wò. Wọ́n ti pa àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. Ó ká a lára gan-an. Iṣẹ́ láàbù ló fẹ́ ṣe báyìí, kí ẹ̀rí lè jẹ́ òótọ́.

Bàbá rẹ̀ ní òfin ni kó kà, kí ẹnu rẹ̀ má baà ṣòfò. Èmi wà lẹ́yìn ọmọ mi.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ DNA ń béèrè bàókẹ́místrì àti jẹnẹ́tíìkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ṣé kó ka kẹ́místrì lásán, àbí forensic science (sáyẹ́ǹsì ìwádìí ọ̀ràn) gan-an? Ṣé ìfọwọ́sí FEPAC, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ forensic science ní yunifásítì, tó ohun tá a ó tìtorí ẹ̀ sanwó púpọ̀ sí i?