Yaris 2008 ni ọkọ̀ mi àkọ́kọ́: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe lára rẹ̀?

Ọmọ LAUTECH, Under G

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ti gba láísẹ́ńsì. Toyota Yaris 2008 tòkunbọ̀ ni wọ́n rà fún mi, kékeré onílẹ̀kùn méjì tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè. Ẹ́ńjìnnì 1.5 ni, jíà ọ́tò. Táyà 185/60R15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gíláàsì iná iwájú ti pọ́n bí ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀. Síàrìn máa ń gbọ̀n tí mo bá tẹ bíréèkì lórí eré.

Ohun tó wù mí nìyí: rímù 17, kí n gé sípíríǹgì kó lè sún mọ́lẹ̀, iná LED, tíńtì dúdú, sálẹ́ńsà tó ń dún, àti orin tó nípọn. ₦500,000 ló wà lọ́wọ́ mi, kò sí òmíràn títí ọdún á fi parí. Inú Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń wà á jù, ṣùgbọ́n mo máa ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Mẹkáníìkì, Takie

Àbúrò, o kú oríire ọkọ̀. Olúwa á jẹ́ ká lò ó pẹ́.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, síàrìn tó ń gbọ̀n yẹn ni kí o kọ́kọ́ náwó lé. Jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí wọ́n sì gbé e lé sítáǹdì. Kí ẹnikẹ́ni má ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló dì í mú. Tú táyà iwájú méjèèjì. Pádì tí awọ rẹ̀ kò bá tó mìlímítà 3 mọ́, pààrọ̀ rẹ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí o bá pààrọ̀ ẹyọ kan, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí o bá tẹ bíréèkì.

Dísìkì ló sábà máa ń fa gbígbọ̀n yẹn: ojú rẹ̀ kò dọ́gba mọ́, ibì kan nípọn, ibì kan fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kí o tó ra tuntun, tú u kúrò, kí o wo ojú họ́ọ̀bù tó jókòó lé. Ìpẹtà tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, á jẹ́ kí dísìkì máa yí ní wíwọ́. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí irin á fi dán, kí o tó dá dísìkì padà. Ọ̀pọ̀ ló ń ra dísìkì tuntun lé ìpẹtà àtijọ́ lórí, tí síàrìn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tí wọ́n á wá ní ọjà náà kò dáa.

Dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Jẹ́ kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wo bóyá òróró ń jò nínú rẹ̀. Omi ni kí wọ́n fi fọ eruku inú rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fẹ́ ẹ, nítorí eruku bíréèkì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Òróró bíréèkì ńkọ́? DOT 3 ni. Tó bá ti dúdú bí tíì, ẹ fà á dànù pátápátá. Lítà kan tó. Òróró yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tí bíréèkì bá gbóná gan-an, omi yẹn á hó, pẹ́dà á sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ní ibi tí o ti nílò rẹ̀ jù.

Wo ABS náà, ohun tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa tí o bá tẹ bíréèkì lójijì. Nínú Yaris ọdún yẹn, àwọn kan ní in, àwọn kan kò ní. Tan kọ́kọ́rọ́: tí iná ABS kò bá tàn rárá nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, o lè máà ní in, tàbí kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Mọ èyí tó jẹ́ kí o tó sáré.

Oníṣẹ́ táyà àti aláìnmẹ́ǹtì, Òwódé

Ọ̀rọ̀ rímù ni tèmi. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Nínú 185/60R15, 185 ni ìbú táyà ní mìlímítà. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100 ìbú yẹn, ó sì jẹ́ 111 mm. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi sórí rímù 17 fún irú ọkọ̀ rẹ ni 205/40R17, tí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ jẹ́ 82 mm. Mìlímítà 29 ti lọ nínú rọ́bà tó ń gba kòtò fún rímù. Ìwọ náà mọ gálọ́ọ̀pù tó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Tí o bá fi eré 80 wọ ọ̀kan nínú wọn, rímù á tẹ̀ tàbí kó sán, tàbí kí táyà yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà tó bá ti yọ kókó, okùn inú rẹ̀ ló ti já. Kò sí fọkanáísà tó lè lẹ̀ ẹ́, kò sì yẹ kí o fi jáde nílé rárá.

Tí ojú rẹ kò bá kúrò lára rímù ńlá, rímù 16 ni kí o rà, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6.5, táyà 195/50R16. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 97.5 mm, gíga gbogbo táyà náà sì jẹ́ 601 mm, nígbà tí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ jẹ́ 603. Mítà eré kò ní purọ́ fún ọ, táyà kò sì ní máa ha ara fẹ́ńdà.

Ohun tí wọ́n ń fi ń rẹ́ ọ̀dọ́ jẹ nínú ọjà rímù ni ihò. Yaris rẹ jẹ́ 4x100: ihò mẹ́rin, 100 mm láti àárín ihò kan sí àárín èyí tó kojú sí i. 4x108 àti 4x114.3 wà lórí igbá kan náà, ojú lásán kì í tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Mú rúlà lọ. Ẹni tó bá ní òun á lu ihò tuntun fún ọ, ẹ jọ dágbére. Wo ET tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rímù, ìyẹn bí ojú tí rímù fi jókòó ṣe jìnnà sí àárín fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà: 40 sí 45 ni kí o wá. Tí nọ́ńbà yẹn bá kéré jù, rímù á yọ síta, á máa ha fẹ́ńdà, bíárìn á sì tètè lọ.

Ihò àárín ńkọ́? Ti ọkọ̀ rẹ jẹ́ 54.1 mm. Ọ̀pọ̀ rímù tí kì í ṣe ti Toyota jẹ́ 73.1 kí wọ́n lè wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ra òrùka 73.1 sí 54.1 mẹ́rin, kí o fi dí àyè náà. Láìsí òrùka yẹn, ọkọ̀ lè máa gbọ̀n bí eré bá ti ń sún mọ́ 100, wọn ì báà ṣe bálánsì rẹ̀ nígbà mẹ́wàá.

Ka ọjọ́ orí táyà kí o tó sanwó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára kóòdù DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tó ti lé ní ọdún márùn-ún, bí ojú rẹ̀ dán bí bàtà tuntun, fi sílẹ̀ fún wọn. Wo nọ́ńbà ẹrù náà: 84 ń gbé 500 kg lórí táyà kan, 80 ń gbé 450. 84 ni kí o má ṣe lọ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá oníṣòwò, Kínnira

Ọmọ mi, gbọ́ tiwọn o. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn ńkọ́? Ilẹ̀kùn méjì ló ní, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀yìn kò sì ní tètè rí ọ̀nà jáde. Fà á wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó di pé o gbé ẹnikẹ́ni.

Ọmọ LAUTECH, Under G

Ẹ ṣeun gan-an sà. Ẹ ṣé mà, mo ti lọ fà wọ́n: èyí tó wà lápá òsì ẹ̀yìn kì í dì, màá gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá gé ìká kan ṣoṣo lára sípíríǹgì, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ó tún ní kí n yọ ilé fíítà afẹ́fẹ́, kí n fi èyí tó dà bí kọ́ónù sí i, pé ọkọ̀ á sáré sí i.

Mẹkáníìkì, Takie

Ìká kan náà pọ̀. Tí o bá gé sípíríǹgì, ó kúrú, ó tún le sí i. Ṣọ́kù kò mọ̀ pé o gé nǹkan kan, gígùn àtijọ́ ló ṣì ní. Tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sínú kòtò, ṣọ́kù á nà tán, sípíríǹgì tó ti kúrú kò ní lè tẹ̀ lé e, á kúrò ní ìjókòó rẹ̀, nígbà mìíràn kò ní padà síbẹ̀ dáadáa. Tí ẹsẹ̀ bá sì gòkè, ṣọ́kù á máa lu ìdí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí bọ́ǹpù ìgboro ti tó láti jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Aláìnmẹ́ǹtì á yí, inú táyà á jẹ tán nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì dà bí tuntun. Tí wọ́n bá fi iná gáàsì gé e, ibi tí iná kàn á ti pàdánù líle rẹ̀, á ṣẹ́.

Ó dára kí o náwó lé ṣọ́kù àti orí ṣọ́kù tuntun. Ọkọ̀ tí ṣọ́kù rẹ̀ bá pé máa ń jókòó dáadáa ní kọ́nà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn gan-an lo ń wá. Kí o tó rà á, dán bọ́ọ̀lù jọ́ìnì àti raki ẹ́ńdì wò: di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mì í, lẹ́yìn náà lọ́tùn-ún àti lósì. Tó bá ń mì lókè-nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìnì tàbí bíárìn ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́, raki ẹ́ńdì ni.

Fíítà kọ́ónù: afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni yóò máa fà. Ilé fíítà tí Toyota ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti iwájú. Àwọn kọ́ónù tí wọ́n fi epo pa sì lè tọ́ epo náà sára sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí epo bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ariwo á pọ̀ sí i, o ò sì ní rí agbára kankan níbẹ̀. Ra fíítà gidi, kí o sì máa ṣí i wò lásìkò ọyẹ́ nítorí eruku.

Sálẹ́ńsà, irú ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn tó ń gé e máa ń yọ kátálísì, èyí tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, wọ́n á sì tà á fún ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, kóòdù P0420 ni wọn á kà fún ọ, iná yẹn kò sì ní jẹ́ kí o mọ̀ mọ́ tí àìsàn mìíràn bá dé.

Rìwáyà, Sábó

Iná àti orin, ẹ jẹ́ kí n gbà á.

Gíláàsì tó pọ́n yẹn ló ń jí iná rẹ jẹ, má ì tíì dá gílóòbù lẹ́bi. Fi téèpù bo ọ̀dà tó yí i ká. Fi sáńpépà 800 olómi há a títí àwọ̀ pupa á fi tán lójú omi tó ń ṣàn sílẹ̀, lẹ́yìn náà 1500, lẹ́yìn náà 2000. Fi kọ́ḿpáùn-ùn dán an. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà á tún pọ́n. Ó gbọ́dọ̀ gba ìbòrí kílíà tó ń dènà oòrùn. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó bọ́ sí i.

Gílóòbù H4 60/55W ni tirẹ̀. Ilé iná yẹn, okùn iná tín-ín-rín gílóòbù H4 ni wọ́n ṣe dígí inú rẹ̀ fún. LED ọjà tí ibi ìtànná rẹ̀ kò bá sí ní ipò kan náà á tú iná ká sójú ẹni tó ń bọ̀, nígbà tí ojú ọ̀nà tìrẹ á sì ṣókùnkùn lókèèrè. Dúró ní mítà 7.5 sí ògiri lálẹ́, tan iná kúkúrú: ó yẹ kí o rí ìlà tó là òkùnkùn òkè kúrò lára ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀. Tí o kò bá rí ìlà yẹn, yọ ọ́. Má sì ṣe fi H4 100W sí i: ámpíà 8.3 ni ẹyọ kan máa fà dípò 4.6, sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ́. H4 gidi pẹ̀lú wáyà onírílè méjì láti orí bátìrì, fíúsì 20, á yà ọ́ lẹ́nu.

Orin: má wo "3000W MAX" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ampilifáyà. RMS ni kí o wá, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró. Ampilifáyà 300W RMS máa fa nǹkan bí ámpíà 30, ìyẹn sì ti tó fún ọ́tánétọ̀ ọkọ̀ kékeré. Wáyà kọ́pà gidi, géèjì 8. Fi ọ̀bẹ há a wò, tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ni. Fíúsì 40, kó má jìnnà ju 45 cm sí orí bátìrì. Fíúsì tó wà lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ampilifáyà kò dáàbò bo wáyà tó kọjá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Tí ìyẹn bá gé, tó sì kan irin, ọkọ̀ á jó. Wáyà ilẹ̀ kó má ju 50 cm lọ, ha ọ̀dà kúrò títí o fi rí irin.

Èyí tó kan irú ọkọ̀ rẹ gan-an: kò sí irin láàárín ẹ̀yìn ọkọ̀ àti orí èèyàn. Àpótí báàsì tí wọn kò bá fi bóòtì àti bẹ́líìtì dè mọ́lẹ̀, tí o bá tẹ bíréèkì lójijì, orí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló ń lọ.

Ẹni tó mọ̀ nípa òfin ọkọ̀, Ọ̀yọ́

Tíńtì: òfin ọdún 1991 kò fàyè gba gíláàsì dúdú àyàfi tí èèyàn bá ní ìwé àṣẹ, nítorí ìlera tàbí ààbò. Ẹ̀wà kò sí lára ìdí tí wọ́n ń gbà. Tí ọkọ̀ rẹ bá sì ní ìwé adójútòfò (ìnṣọ́ránsì), tí o yí rímù tàbí àwọ̀ padà, sọ fún àwọn adójútòfò náà kó tó di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Àwọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ wọ ìwé ọkọ̀ náà.

Ọmọ LAUTECH, Under G

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun sà. Bíréèkì, bẹ́líìtì, ṣọ́kù, iná, lẹ́yìn náà rímù 16 tí owó bá ṣẹ́kù. Orin á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: báwo ni kí n ṣe dì nọ́ọ̀tì rímù tuntun? Fọkanáísà àdúgbò mi, ẹsẹ̀ ló máa ń fi gun sípánà.

Oníṣẹ́ táyà àti aláìnmẹ́ǹtì, Òwódé

Ẹsẹ̀ yẹn ló ń fa sítọ́ọ̀dù já. M12x1.5 ni nọ́ọ̀tì rẹ. Wo ojú ihò rímù: tó bá rí bí ẹnu àrọ, nọ́ọ̀tì tó ní ṣóńṣó ni, tó bá tẹ́jú, oníwáṣà ni. Má ṣe pààrọ̀ wọn fún ara wọn, wọ́n á máa tú. Fi ọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé kí irin tó kàn wọ́n. Dì wọ́n ní ìkọjú, èyí lẹ́yìn náà èyí tó kojú sí i, títí dé 103 Nm lórí sípánà onínọ́ńbà. Lọ sí Ọ̀yọ́ kí o sì padà, jẹ́ kí rímù tutù, kí o wá tún un dì lẹ́ẹ̀kan sí i.