Gáàdì mú olè ní ṣọ́ọ̀bù: ibo ni agbára rẹ̀ mọ lábẹ́ òfin?

Gáàdì_Alẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ní Nàìjíríà níbí, bí gáàdì ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé-àṣẹ bá rí ẹni tó ki ọjà bọ báàgì láìsanwó, ṣé ó lè tú báàgì náà, kó sì ti onítọ̀hún mọ́ yàrá títí ọ̀gá á fi dé? Ṣé ó lè gbé ìbọn bí ọ̀gá bá ní láísẹ́ǹsì ìbọn? Bí ọjà bá sọnù ńkọ́, ṣé wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó oṣù?

Lọ́yà_Ìgboro: Ilé-iṣẹ́ ló ní ìwé-àṣẹ yẹn, kò sọ gáàdì di ọlọ́pàá. Agbára tó ní láti mú èèyàn kò ju ti aráàlú yòókù lọ. Òfin ACJA ti 2015 (òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìmúni àti ẹjọ́ ọ̀daràn), apá 20, gbà kí aráàlú mú ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ lójú rẹ̀. Apá 23 ní lójú ẹsẹ̀ ni kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gáàdì ti ń kó sí wàhálà: wọ́n á ní kó dúró de ọ̀gá, kó pe ẹbí rẹ̀ kí wọ́n mówó wá. Ìmúni tó tọ̀nà á wá di àhámọ́ tí kò bófin mu, apá 35 ìwé òfin 1999 sì fún ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. (Àwọn ìpínlẹ̀ ní òfin tiwọn lórí ìmúni, ẹ wo ti yín.)

Ẹ jẹ́ kó kọjá ibi ìsanwó kí ẹ tó dá a dúró. Bí kò bá tíì débẹ̀, ó lè ní òun ń lọ sanwó ni, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ aago tí ẹ mú un àti aago tí ẹ pe ọlọ́pàá sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán kámẹ́rà kó tó parẹ́.

Súfáísọ̀: Ti báàgì, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Obìnrin ni kó yẹ ara obìnrin wò. Bó bá ti jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó bá gbá a létí ti jẹ̀bi ìkọlù. Ẹ má dè é lọ́wọ́ àfi tó bá fẹ́ jà tàbí tó fẹ́ sá, ẹ má sì mú ẹlòmíì dípò rẹ̀.

Ìbọn? Rárá o. Òfin ilé-iṣẹ́ gáàdì ti 1986 kò fàyè gba ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ gáàdì lẹ́nu iṣẹ́, láísẹ́ǹsì ọ̀gá kò sì yí i padà. Ibi tí iṣẹ́ bá ti gba ìbọn, kí ilé-iṣẹ́ lọ béèrè fún ọlọ́pàá tàbí Sífú Dìfẹ́ǹsì.

Lọ́yà_Ìgboro: Owó oṣù: Òfin Òṣìṣẹ́, apá 5, kò gbà kí wọ́n yọ owó ọjà tó sọnù àfi bí gáàdì bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́ tàbí kó ṣàìnáání iṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Apá 13 tún fún un ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko láàárín ọjọ́ méje.

Gáàdì_Alẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Bí ọlọ́pàá ò bá wá ńkọ́?

Súfáísọ̀: Ẹ mú un lọ sí tẹ̀ṣán tó sún mọ́ yín jù. Kí ẹni tó rí i lójú ara rẹ̀ bá a lọ, kí ọjà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ọlọ́pàá tó gbà á sílẹ̀.