Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n jókòó tì níbi ìdíje hockey Beanpot?

Ẹ̀yin ará wa ní Boston, mo kí yín o. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ọmọbìnrin mi wà ní Boston University (BU), ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní Boston College (BC). Ojú títì kan náà, Commonwealth Avenue, ló so ilé ìwé méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan hockey orí yìnyín, ológbò àti eku ni wọ́n. Wọ́n ní kí n wá bá wọn wòran ní gbọ̀ngàn eré TD Garden lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì, níbi Beanpot, ìdíje tí ilé ìwé wọn máa ń bá Harvard àti Northeastern ṣe. Ìkòkò ẹ̀wà ni ẹni tó bá borí ń gbé lọ sílé (mo béèrè, kò sí ẹ̀wà nínú ẹ̀).

Wàhálà àkọ́kọ́: aṣọ. Pupa ni ti BU, ti BC pupa dúdú pẹ̀lú àwọ̀ góòlù. Tí mo bá wọ funfun, ṣé wọn ò ní fi mí ṣẹ̀sín? Ṣé òtútù tiẹ̀ mú nínú ilé yẹn?

Èkejì: tí eléré kan bá gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ yẹn láti ìdajì tiwọn kọjá ìlà ẹ̀yìn àwọn alátakò, rẹfirí á fọn fèrè. Ó yé mi. Kí ló dé tí wọn kì í fọn ọ́n bí rẹfirí bá ti rán ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó gbá a lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 2 nítorí ẹ̀ṣẹ̀?