Lórí «àpótí ìrántí», «agere» àti «ìrù àdàbà»

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún àpótí kékeré onígi tí àwọn ènìyàn ń kàn nílé láti fi pa lẹ́tà àtijọ́, òrùka, tàbí irun àkọ́fá ọmọ mọ́. «Agere» àti «àpótí ìrántí» ni àbá tí a gbọ́.

N kò fara mọ́ «agere». Ikin Ifá ni wọ́n ń kó sínú agere, àwo tí a gbẹ́ tí ère gbé dúró, ère náà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Yàtọ̀ sí èyí, gbígbẹ́ ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ agere láti ara odidi igi, nígbà tí àpótí jẹ́ pákó tí káfíńtà rẹ́, tó sì kàn pọ̀. Bí mo bá ní mo ṣe agere fún ọmọ mi tó ń ṣègbéyàwó, ẹ ó bi mí ìgbà tí ọmọ náà di babaláwo.

«Àpótí ìrántí» dára létí, ṣùgbọ́n òkú ni «ìrántí» sábà máa ń mú wá sọ́kàn bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àgàgà tí «àpótí» bá ṣáájú rẹ̀. «Àpótí ìpamọ́» ni mo fara mọ́, nítorí iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe gan-an ni ó sọ. Kóló kò wọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé owó ni tirẹ̀, kò sì ní ọmọrí tí a lè ṣí wò nígbàkigbà.

Ní ti orúkọ igun àpótí náà, níbi tí pákó méjì ti wọnú ara wọn, «ìrù àdàbà» tí wọ́n fi túmọ̀ «dovetail» jẹ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó wọ agbádá. Ẹni tó di ayùn mú mọ̀ pé eyín ni òun ń gé, eyín tí orí rẹ̀ gbòòrò ju ìdí rẹ̀ lọ, débi pé bí ó bá ti wọ àlàfo rẹ̀, a kò lè fà á yọ síwájú. Ibi tó gbà wọlé nìkan ni yóò gbà jáde. «Oríkèé eléyín» tí ẹnìkan dá lábàá kò burú, àmọ́ irú mìíràn wà tí eyín rẹ̀ gún gbọọrọ, tó jẹ́ pé gúlúù ló ń dì í mú. Ẹ jẹ́ kí a pe ìyẹn ní «eyín gbọọrọ», kí a sì pe ti àkọ́kọ́ ní «eyín ìkọ́». Kí ẹni tó bá mọ káfíńtà nítòsí bi í léèrè ohun tó ń pè é kí a tó fọwọ́ sí i.